Ṣé aṣọ ìkélé ló yẹ ká ká kúrò níbi ìdánwò ọ̀kẹ́sírà, àbí ibòmíràn ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn?

Àyánwálé kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin olólùfẹ́ orin. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ariwo rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀ láti ọdún 2020. Lóṣù keje ọdún náà, Anthony Tommasini, tó jẹ́ àgbà lámèyítọ́ orin kílásíkà fún ìwé ìròyìn New York Times nígbà yẹn, kọ ọ́ pé kí àwọn ọ̀kẹ́sírà Amẹ́ríkà jáwọ́ nínú ìdánwò ẹ̀yìn aṣọ. Ìyẹn ni ìdánwò tí ẹni tó ń wáṣẹ́ ti máa ń ṣeré lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí àwọn adájọ́ á máa gbọ́ ọ láì rí i. Ohun tó wí ni pé aṣọ yìí ti ṣe àwọn obìnrin lóore, àmọ́ kò ṣe aláwọ̀ dúdú lóore tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ká a kúrò, kí wọ́n lè rí ẹni tí wọ́n ń gbà, kí ọ̀kẹ́sírà lè jọ ìlú tó ń ṣeré fún.

Ẹ wo iye wọn ná. League of American Orchestras, ẹgbẹ́ tó kó àwọn ọ̀kẹ́sírà ibẹ̀ pọ̀, kéde pé lọ́dún 2014, aláwọ̀ dúdú kò ju 1.8 nínú 100 àwọn olórin wọn lọ. Ìròyìn wọn ti ọdún 2023 sọ pé ó ti di 2.4. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko nìyẹn o. Ṣùgbọ́n ní New York Philharmonic, nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2022, obìnrin ti pọ̀ ju ọkùnrin lọ: 45 sí 44.

Ìbéèrè mi ni pé ṣé aṣọ ló jẹ̀bi? Ẹni tó bá mọ bí ìdánwò yẹn ṣe ń lọ gan-an, kó jọ̀ọ́ là á yé wa kí ẹnikẹ́ni tó gbè sẹ́yìn ẹnìkan.

Àbẹ̀kẹ́_Sẹ́lò kọ:

Ẹ ṣé, Bọ̀dá Àyánwálé. Bó ṣe ń lọ nìyí.

Ọ̀kẹ́sírà á kéde àyè kan ṣoṣo. Èèyàn 100 tàbí 200 lè kọ̀wé fún un. Àwọn kan nínú wọn kò ní dé ibi tí wọ́n á ti ṣeré rárá, torí ìwé ìtàn iṣẹ́ wọn ni wọ́n á fi yọ wọ́n. Níbi kíka ìwé yẹn, kò sí aṣọ kankan: orúkọ rẹ hàn, ilé ẹ̀kọ́ rẹ hàn, orúkọ olùkọ́ rẹ hàn.

Wọ́n á wá fi àkójọ àyọlò, ìyẹn àwọn ibi kéékèèké tí wọ́n yọ nínú orin ńlá, ránṣẹ́ sí àwọn tó kù. Bó bá jẹ́ fáyólìnì, o kò lè bọ́ lọ́wọ́ ojú ewé àkọ́kọ́ *Don Juan* tí Richard Strauss kọ, àti apá àkọ́kọ́ nínú ọ̀kan lára kọnsẹ́tò Mozart, ìyẹn orin tí ẹnìkan ń léwájú tí ọ̀kẹ́sírà ń gbè é. Lọ́jọ́ ìdánwò, nọ́ńbà ni wọ́n á fi máa pè ọ́. Wọ́n á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga rẹ, kí àwọn adájọ́ má baà gbọ́ ìró gìgísẹ̀ bàtà kí wọ́n sì mọ̀ pé obìnrin ni. O kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí o bá ní ìbéèrè, o máa sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sétí òṣìṣẹ́ tó dúró tì ọ́, òun ló máa bá ọ béèrè.

Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ó parí. *Don Juan* yìí ló ń ṣá ọ̀pọ̀ jù lọ tì: ó gbéra fìrì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ọwọ́ a sì máa yára ju bó ṣe yẹ lọ níbi tó ti ń gòkè, nótì tó wà lókè a wá yẹ̀ díẹ̀. Kí ìlà kejì tó parí ni àwọn adájọ́ ti mọ ohun tí wọ́n máa kọ. Oníkálukú á kọ «bẹ́ẹ̀ ni» tàbí «bẹ́ẹ̀ kọ́» láìjíròrò.

Lẹ́yìn èyí ni ìpele kejì, lẹ́yìn náà ìpele àṣekágbá. Ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́sírà ló máa ń ká aṣọ kúrò ní àṣekágbá. Ọ̀kẹ́sírà Metropolitan Opera ní New York kì í ká a títí wọ́n fi máa yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Ẹni tó bá wá yege á lo ọdún kan tàbí méjì lẹ́nu àyẹ̀wò kí iṣẹ́ tó di tirẹ̀.

Ẹ kà á pẹ̀lú mi: kíka ìwé, ìpele àkọ́kọ́, ìpele kejì, àṣekágbá, ọdún àyẹ̀wò. Nínú márààrún, méjì ló dájú pé aṣọ wà. Ó tún kù o: ọ̀pọ̀ ibi ló máa ń fa àwọn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí ìpele kejì tàbí àṣekágbá tààrà, láì jẹ́ kí wọ́n gba ibi tí èrò ti pọ̀ kọjá. Nítorí náà, ẹni tó ní aṣọ ló jẹ̀bi, kó kọ́kọ́ sọ fún wa èyí tó ń bá wí nínú márààrún.

Tírómbóònù kọ:

Àbẹ̀kẹ́ ti là á. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn tì í lẹ́yìn, torí àwọn tó ń pariwo kí wọ́n ká aṣọ kúrò ti gbàgbé ẹni tó béèrè fún un.

Lọ́dún 1969, àwọn olórin dúdú méjì, Art Davis tó ń ta báàsì ńlá àti Earl Madison tó ń ta sẹ́lò, fẹ̀sùn kan New York Philharmonic níwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ìlú New York. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí wọ́n fi àwọn méjèèjì àti àwọn olórin tó ti ní iṣẹ́ níbẹ̀ sẹ́yìn aṣọ, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ta jù gba iṣẹ́. Aláwọ̀ dúdú ló sọ pé ẹ má wo ojú wa! Ìgbìmọ̀ dá ẹjọ́ lọ́dún 1970. Lórí iṣẹ́ tó wà títí, wọ́n ní àwọn kò rí ẹ̀rí tó tó. Lórí àwọn adelé, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń pè wá ṣeré fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì nígbà tí ẹnìkan kò bá sí, wọ́n ní ọ̀kẹ́sírà náà ṣe ojúsàájú, torí ẹni mímọ̀ ni wọ́n ń fi ẹni mímọ̀ pè. Láàárín ìgbà tí wọ́n dá ọ̀kẹ́sírà yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1842 àti ọdún 1962, kò sí olórin dúdú kankan tó ní àga tirẹ̀ níbẹ̀. Sanford Allen, tó ń ta fáyólìnì, ni àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ adelé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ bí ọ̀kẹ́sírà ṣe ń mí, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ pé àyè fẹ́ ṣí, orúkọ ọ̀kẹ́sírà ńlá á sì wọ inú ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n máa kà nígbà míì. Kò sì sí aṣọ lórí fóònù tí wọ́n fi ń pe adelé.

Ẹ tún wo ọdún àyẹ̀wò. Abbie Conant, ará Amẹ́ríkà tó ń fọn tírómbóònù, ṣe ìdánwò ní Munich Philharmonic lọ́dún 1980. «Ọ̀gbẹ́ni» ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìpè. Wọ́n ta aṣọ ìkélé lọ́jọ́ náà torí pé ọ̀kan nínú àwọn olùdíje jẹ́ ọmọ ẹni tí àwọn ará ọ̀kẹ́sírà mọ̀. Èèyàn 33 ló wá, òun ni nọ́ńbà 16, òun náà ló sì borí. Nígbà tó jáde, wọ́n rí i pé obìnrin ni. Ó la ọdún àyẹ̀wò já, síbẹ̀ lọ́dún 1982 wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láti ipò olórí sí ipò kejì. Olùdarí wọn, Sergiu Celibidache, ní ọkùnrin lòun ń fẹ́ síbẹ̀. Conant gba ilé ẹjọ́ lọ. Wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ wò bóyá èémí rẹ̀ tó fọn fèrè náà! Ó jàre, ó padà sípò olórí, wọ́n tún fi owó oṣù rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ tàwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó tún di ẹjọ́. Ọdún 1993 ló fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Aṣọ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò. Lẹ́yìn tí wọ́n ká a tán ni ìyà bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ìgbàjá kọ:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àlàyé. Mo gbà pé ìtàn wà lẹ́yìn yín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká sọ aṣọ di òrìṣà.

Ohun tí gbogbo ayé fi ń gbè é ni ìwádìí tí Claudia Goldin àti Cecilia Rouse, onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, tẹ̀ jáde lọ́dún 2000. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un pé aṣọ fi ìdá 50 nínú 100 kún àǹfààní obìnrin láti kọjá ìpele àkọ́kọ́. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti tún un wò. Iye èèyàn tó wà nínú ìwé wọn kéré fún ọ̀rọ̀ tó tóbi bẹ́ẹ̀, àyè àṣìṣe inú ìṣirò náà fẹ̀ gan-an, ní ìpele kejì sì rèé, àbájáde wọn tiẹ̀ yí padà di òdì. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà kò fi èyí pa mọ́, àwọn tó ń tún un sọ kiri ni kò kà á dópin.

Ìkejì, kí là ń pè ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù? Nígbà tí 200 bá ti ku 8, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ohun tó kù fún adájọ́ láti fi yan ni bóyá ohùn ẹni náà bá ti tàwọn mu. Ohùn tó bá tiwa mu sì ni ohùn ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó kọ́ wa. Etí náà ń ṣe ojúsàájú, kò nílò ojú. Ibi tí mo ti rò pé Tommasini sọ òdodo nìyẹn: láàárín 8 tó dọ́gba, kí ló burú nínú kí a wo ohun tí ìlú nílò?

Àbẹ̀kẹ́_Sẹ́lò kọ:

Àbúrò mi, ti ìwádìí yẹn, mo gbà fún ọ. Ìdá 50 yẹn kò lágbára tó bí wọ́n ṣe ń gbé e kiri.

Ti 8 tó dọ́gba ni n kò gbà. Ta ló máa wo ohun tí ìlú nílò? Àwọn adájọ́ kan náà tí o ní etí wọn ń ṣe ojúsàájú. Ọ̀kẹ́sírà Vienna Philharmonic fojú wo àwọn tí wọ́n ń yàn fún ọjọ́ pípẹ́, wọ́n dúró láti 1842 títí di 1997 kí wọ́n tó sọ obìnrin kan di ọmọ ẹgbẹ́. Anna Lelkes tó ń ta háàpù ni, ó sì ti ń bá wọn ṣeré fún ọ̀pọ̀ ọdún láì sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ètò. Nígbà tí wọ́n bá fi wọ́n hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà sábà máa ń mú.

Bí ohùn kan ṣoṣo bá ń borí, àwọn adájọ́ ni kí wọ́n pààrọ̀. Kí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn wá láti ọ̀kẹ́sírà mìíràn. Kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n ń wá sílẹ̀ kí nọ́ńbà 1 tó wọlé.

Adéìfẹ́_London kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí owó ti yọ àwọn ọmọ wa kúrò nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún 9, kí aṣọ kankan tó wọ̀ ọ́.

Ọmọ tó máa dé ọ̀kẹ́sírà ńlá gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fáyólìnì láàárín ọdún 5 sí 8. Ẹ̀kọ́ ojúkojú lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáyólìnì kò tóbi bákan náà: ọmọ á lo ìdá mẹ́rin, á lo ààbọ̀, á lo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kó tó gba odidi. Ọ̀pá ìtafáyólìnì ọ̀tọ̀, okùn ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgọ́ ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ń rí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà. Ohun èlò tó tó mú lọ síbi ìdánwò ọ̀kẹ́sírà lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá dọ́là, ti bàsúùnù tuntun, ìyẹn fèrè onígi ńlá, kò sì rẹlẹ̀ sí i.

Ìdánwò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kẹ́sírà kì í sábà san owó ọkọ̀. Sẹ́lò kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú láìséwu, nítorí náà oní-sẹ́lò á ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, tirẹ̀ àti ti sẹ́lò. Oní-báàsì ńlá á ra àpótí líle, á tún san owó àpọ̀jù ẹrù. Ilé ìtura òru méjì. Ẹni tó bá máa rí iṣẹ́ lè ṣe ìdánwò mẹ́wàá, ogún, kó tó bọ́ sí i. Olówó á gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹni tí kò ní á padà sílé.

Àwọn tó gbájú mọ́ ibi yìí, ẹ wò wọ́n. Ẹgbẹ́ Sphinx tí Aaron Dworkin dá sílẹ̀ lọ́dún 1997 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdíje fún àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Látìn tó ń ta ohun èlò olókùn. Lọ́dún 2018, wọ́n pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú New World Symphony, ọ̀kẹ́sírà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ṣẹ́, àti League of American Orchestras yẹn láti máa san owó ìrìn-àjò àwọn tó ń lọ ṣe ìdánwò, kí wọ́n sì máa fi ìdánwò àfiṣeré mú wọn gbára dì, pẹ̀lú aṣọ àti adájọ́. Níbí ní London, Chi-chi Nwanoku, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, dá ọ̀kẹ́sírà Chineke! sílẹ̀ lọ́dún 2015, ó sì fi ti àwọn ọ̀dọ́ kún un. Ọmọ dúdú tó bá jókòó nínú ọ̀kẹ́sírà ọ̀dọ́ yẹn á ti mọ iṣẹ́ orin sí i kó tó bá aṣọ pàdé, á sì ti ní àgbà tó lè fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ adelé.

Dùùrù_Marina kọ:

Adéìfẹ́, ẹnu rẹ mà gbó o. Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé díẹ̀, torí Èkó ní ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ owó yìí.

Fẹlá Ṣówándé, olùṣẹ̀dá orin tí wọ́n bí lọ́dún 1905, kọ́ orin nínú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdékùnrin ní Cathedral Church of Christ ní Marina, lábẹ́ T. K. Ekúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù ibẹ̀ láti 1914 títí di 1962. Kíka nótì, fífetí mọ ohùn, kíkọ ohùn mẹ́rin pọ̀, ẹgbẹ́ akọrin ló ń fi kọ́ ọmọ. Ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ gígùn tí òbí kì í sanwó rẹ̀ nìyẹn. Ṣówándé lọ sí London, ó di ọmọ ẹgbẹ́ àgbà Royal College of Organists, ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù ibẹ̀, lọ́dún 1943. Bí ẹ bá yọ ẹgbẹ́ akọrin yẹn kúrò, n kò mọ ọ̀nà tí ọmọ bẹ́ẹ̀ ìbá gbà dé ìdí dùùrù.

Lónìí, MUSON (Musical Society of Nigeria), ẹgbẹ́ orin tó ní ilé ẹ̀kọ́ orin ní Oníkan, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Gbọ̀ngàn wọn ń jẹ́ orúkọ àwọn iléeṣẹ́ epo, àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ sì ń múra bí ọ̀tọ̀kùlú, èyí ló ń jẹ́ kí àwọn kan máa bú wọn. Àmọ́ ẹ̀kọ́ dípúlómà ibẹ̀ ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ MTN Foundation, ohun tó sì ń jẹ́ kí ọmọ tí kò lówó wọlé nìyẹn. Èmi kò ní ìjà pẹ̀lú agbádá àti gèlè tó wà níwájú gbọ̀ngàn, bí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ṣí fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Ìwé orin náà ń lé èèyàn. *African Suite* tí Ṣówándé kọ lọ́dún 1944, ohun èlò olókùn àti háàpù nìkan ló wà fún, apá márùn-ún ni, èyí tó gbẹ̀yìn ni «Akinla». Ọ̀kẹ́sírà olókùn tí kò ní fèrè kankan lè ṣe é. Síbẹ̀ kò wọ́pọ̀ lórí ètò wọn. Ìdí kan tí kì í wá sí ọkàn èèyàn ni pé ìwé Beethoven ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù gbogbo ọ̀kẹ́sírà, àmì bí wọ́n ṣe máa fa ọ̀pá ìtafáyólìnì ti wà lórí gbogbo nótì, wọn kò san kọ́bọ̀ lé e. Ìwé orin ti àwọn olùṣẹ̀dá ọ̀rúndún ogún, háyà ni wọ́n ń háyà púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á dá a padà, àmì tí wọ́n kọ sí i á bá a lọ. Olùdarí tó ní ìgbà méjì péré láti fi dánrawò á mú èyí tí wọ́n ti mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orin kan ṣe máa ń di ti gbogbo ìgbà, tí èkejì á máa di ti ọjọ́ àyájọ́.

Ìdòwú_Ọ̀fẹ́ kọ:

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Èmi kì í ta nǹkan kan, mo kàn fẹ́ràn kí n máa gbọ́. Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn kò gbọdọ̀ pàtẹ́wọ́ láàárín orin? Ìyẹn gan-an ló ń lé irú wa sá.

Dùùrù_Marina kọ:

Ìdòwú, o kò já lu ọ̀rọ̀, inú ọ̀rọ̀ gan-an lo wà. Òfin yẹn kò tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí. Mozart kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ láti Paris ní ọjọ́ 3 oṣù keje ọdún 1778 pé àwọn èrò pàtẹ́wọ́ láàárín apá àkọ́kọ́ orin òun, inú rẹ̀ sì dùn, torí ó ti fi ibi tó máa wù wọ́n sínú rẹ̀. Nígbà tí Beethoven gbé símfónì keje rẹ̀ jáde lọ́dún 1813, wọ́n ní kí wọ́n tún apá kejì ṣe. Apá ìparí ọ̀rúndún 19 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni ìdákẹ́rọ́rọ́ yìí fìdí múlẹ̀.

Bó o bá fẹ́ mọ ìgbà tí orin parí, wo ọwọ́ olùdarí: bó bá ṣì gbé e sókè láàárín apá kan àti òmíràn, ó kù. Bó bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ pátápátá tó sì yíjú sí yín, ó tán. Bó bá sì dùn mọ́ ọ tí o pàtẹ́wọ́ kó tó tó àkókò, kò sí ẹni tó máa lé ọ jáde.

Àyánwálé kọ:

Mo dúpẹ́ gidigidi. Ká sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ wàyí. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn fẹ́ yan ọ̀dọ́ 16 fún ọ̀kẹ́sírà olókùn kékeré, báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe é tí ọmọ ọlọ́rọ̀ kò fi ní gba gbogbo àga?

Àbẹ̀kẹ́_Sẹ́lò kọ:

Fáyólìnì àkọ́kọ́ 5, ìkejì 4, fíólà 3, sẹ́lò 3, báàsì 1. Ó pé 16.

Ẹ má béèrè ìwé ìtàn. Orúkọ, ọjọ́ orí, ohun èlò, ó tó. Ẹ gbé àyọlò jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, torí ọmọ tí kò ní olùkọ́ kò ní mọ bó ṣe yẹ kó yá tó. Àyọlò mẹ́ta tó: ọ̀kan tó falẹ̀ fún ohùn, ọ̀kan tó yá fún ìka, ọ̀kan láti inú orin tí ẹ máa ṣe gan-an. Ẹ má fi kíka nótì lójú ẹsẹ̀ yọ ẹnikẹ́ni ní ìpele àkọ́kọ́, torí ohun tó ń wọ̀n jù ni ẹni tó ti rí owó olùkọ́ san.

Ẹ ra fáyólìnì méjì tó dára, kí ẹ fún ọmọ tó bá fẹ́ láti fi ṣe ìdánwò, kó sì ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Fáyólìnì tí ọ̀pá rẹ̀ ti wọ́ á ṣèké mọ́ ọmọ tó mọ̀ ọ́n ta, àwọn adájọ́ kò sì ní mọ̀ pé igi ló ṣẹ̀.

Aṣọ tó nípọn, kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹní nílẹ̀, nọ́ńbà. Adájọ́ 5, kí 2 wá láti ìta. Ẹ má ká aṣọ títí ẹ fi máa yan 16. Ẹ san owó ọkọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá dé ìpele kejì, kí ẹ sì san án lójú ẹsẹ̀.

Tírómbóònù kọ:

Ẹ fi èyí kún un. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yan wọ́n, ẹ kọ ohun tí ẹ máa fi yẹ̀ wọ́n wò ní oṣù mẹ́ta sílẹ̀: wíwá lásìkò, mímọ orin ṣáájú ìdánrawò, gbígbọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí ẹni tí ẹ bá bá wí gba ìwé tó ní ọjọ́ àti ohun tó ṣe nínú, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó kọjá ìpele kejì tí kò rí àga gbà, ní títò bí máàkì wọn ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Bí ẹnìkan kò bá lè wá, ẹni tó wà lókè ìwé náà ni kí ẹ pè, bó bá sì ti ṣeré tán, kó lọ sí ìsàlẹ̀ kí ẹni tó tẹ̀ lé e gòkè.